Bọ́ọ̀sì Inú Ilé

Ọdún tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ jálẹ̀,
katapílà ló wọ́ ọkọ̀ náà wá sórí ilẹ̀ bàbá mi n'Ísánlú,
lábẹ́ àpáta tí ewúrẹ́ máa ń gùn lọ́sàn-án.
Mo tú àwọn ìjókòó kúrò, mo fi mẹ́ta sílẹ̀:
ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún àlejò,
ọ̀kan fún ìwọ Bọ̀sẹ̀dé, tí o ní o ò ní sùn nínú ọkọ̀
bí ẹni tó ń lọ sí Kánò tí kò dé.

O padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Kàbà.
"Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá wà tí mo lè kàn, kí o ránṣẹ́."
Mi ò bá ọ jà.
Mo fi ṣòkòtò kọ́ sára sítíárìn, mo sùn.

Ikán jẹ ilé bàbá mi títí ó fi dọ̀bálẹ̀.
Ikán jẹ àjà Ìbítóyè, ó jẹ Bíbélì rẹ̀ mọ́ ọn.
Mo ní irin ni èmi ó fi kọ́ tèmi.
Ilé epo kan wà lọ́nà Mọ̀pà tí ìjì wó,
mo ti ra dísẹ̀lì níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún;
mo ra egungun rẹ̀, mo sanwó díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ̀gá mi, Ẹ̀bùnlọ́mọ ajórin.
"Bàbá, ẹ má wo iná. Irin ni kẹ́ ẹ wò."
Mo wo iná.
Lóru ọjọ́ náà, ata ló wà lójú mi,
mo ń bomi tútù sójú títí àkùkọ fi kọ.

Kò sí ẹni tí yóò bá mi gbé irin,
àfi jáàkì inú ọkọ̀.
Ó ti gbé taya sókè ní Òkènè, ní Jẹ́bà, lóru, nínú òjò;
ó wá ń gbé òpó,
ìka kan, ìka kan,
mo ń fi òkúta há a nídìí.
Àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilé adìyẹ ni.
Bàbá Atóyèbí dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wò ó títí:
"Egungun rèé o. Ẹran rẹ̀ dà?"
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti oko bọ̀ kò ní ṣàì ké sí mi,
"Okun o!"
Ọjọ́ mìíràn wà
tó jẹ́ ìkíni yẹn nìkan ni mo fi sùn.

Nígbà ọyẹ́, irin a máa bu ni lọ́wọ́ láàárọ̀.
Lóru yóò máa ta, kàn, kàn,
bí ẹni tí ń fi èékánná kan fèrèsé.
Mo dìde lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ìwọ ni.

Òpó kẹjọ la jó tán
tí Ẹ̀bùnlọ́mọ bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀.
"Bàbá, ibo ni bọ́ọ̀sì yóò gbà jáde?"

Mo fa téèpù.
Ìbú ọkọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ju àyè lọ.
Mo tún un fà. Àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni.
Ó ní ká gé òpó kan, kò ju wákàtí kan lọ.
Mo wọlé, mo jókòó síbi ìwakọ̀,
mo di sítíárìn mú,
mo rọra tẹ bíréèkì.
Mo ní, fi í sílẹ̀.

Páànù ti dé ìdajì.
Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá: apá kan ń pariwo,
apá kejì ń rọ̀ sórí ewúrẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Ìjókòó rẹ wà létí fèrèsé, ó kọjú sọ́nà Kàbà.
Ilẹ̀kùn wà, kì í ṣe irú èyí tí o ní lọ́kàn,
ó ń ká bí aṣọ, ó sì ń dún.

Má wulẹ̀ kàn án.
Lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ ọkọ̀.
Mo ṣì mọ bí a ti ń dúró.